Owó orí àti láísẹ́ǹsì olórin, onílù, MC àti DJ ní Ìbàdàn: ìjọba wo ló ni ìwé tí wọ́n mú wá?

Ìjọba mẹ́ta ló lè béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó ń fi orin, ìlù, àwàdà tàbí iṣẹ́ MC jẹun ní Ìbàdàn: ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ẹgbẹ́ òṣèré ní tiwọn, àwọn ọmọ àdúgbò náà ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wọn ló ń já rìsíìtì. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń san owó tí kò kàn wọ́n, tí wọ́n sì ń fi èyí tó kàn wọ́n gan-an sílẹ̀ títí ìtanràn fi ń gorí rẹ̀. Kí ẹ tó na ọwọ́ sápò, ẹ bi ara yín léèrè: ta ni òfin fún ní àṣẹ láti gba owó yìí? Bí ẹ bá ti mọ ìdáhùn rẹ̀, ìdajì wàhálà náà ti lọ.

Orúkọ iṣẹ́ àti CAC

Bí orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé yín nìkan lẹ fi ń ṣiṣẹ́, láìfi nǹkan kan kún un, òfin ilé-iṣẹ́ ọdún 2020 kò fi dandan lé e pé kí ẹ forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ iṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbàrà tí ẹ bá ti fi "Band", "Sounds", "Entertainment" tàbí orúkọ ìnagijẹ kún un, tí ẹ sì ń fi orúkọ náà gba iṣẹ́, ìforúkọsílẹ̀ di dandan. Business Name tó fún ẹni tó ń dá ṣe é. Orí íntánẹ́ẹ̀tì CAC ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ ó mú orúkọ méjì kalẹ̀, torí ẹlòmíì lè ti gba èkíní. Ẹ ó fi NIN, fọ́tò pélébé àti fọ́tò ìfọwọ́síwèé yín lórí ìwé funfun sí i, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé, àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ àti irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe.

Ohun tó sábà máa ń dá fọ́ọ̀mù náà padà ni pé orúkọ inú rẹ̀ kò bá ti inú NIN mu, tàbí pé orúkọ iṣẹ́ náà jọ ti ẹlòmíì jù, tàbí pé ọ̀rọ̀ bíi "National" àti "Federal" wà nínú rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lò láìgba àṣẹ. Lẹ́yìn tí ìwé bá jáde tán, iṣẹ́ ṣì kù. Lọ́dọọdún, ẹ gbọ́dọ̀ fi annual return, ìyẹn ìròyìn ọdọọdún nípa iṣẹ́ náà, ránṣẹ́ sí CAC kí 30 oṣù Kẹfà tó kọjá, àyàfi ọdún tí ẹ forúkọ sílẹ̀ gan-an. Bí ẹ bá sì kó ibi iṣẹ́ kúrò ní Bódìjà lọ sí Mọ́níyà, ọjọ́ 28 lẹ ní láti fi tó wọn létí.

Ìwé CAC yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n rò pé nígbà tó jẹ́ pé ìjọba àpapọ̀ ló fún àwọn ní ìwé, ìjọba àpapọ̀ náà ló máa gba owó orí àwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Business Name kò sọ iṣẹ́ yín di ilé-iṣẹ́ tó dá dúró lọ́tọ̀ sí yín. Gbèsè iṣẹ́ náà, gbèsè yín ni. Èrè rẹ̀, èrè yín ni. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ló ni owó orí èrè náà. Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn, tó lọ kọrin ní Èkó lọ́jọ́ Sátidé, tó tún lọ sí Abẹ́òkúta lọ́jọ́ Àìkú, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni yóò san owó orí èrè rẹ̀ fún. Bí ẹ bá sọ iṣẹ́ náà di Limited, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó dá dúró lọ́tọ̀ sí yín, ni NRS, ilé-iṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ tó rọ́pò FIRS, máa wọ ọ̀rọ̀ owó orí èrè rẹ̀, ìyẹn sì ní àlàyé tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ kò ní ipa kankan nínú owó orí èrè. Bí òṣìṣẹ́ káńsù bá ní òun wá gba "income tax", ẹ mọ̀ pé ohun tó béèrè kì í ṣe tirẹ̀.

Owó orí èrè: bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀

Òfin tuntun, Nigeria Tax Act 2025, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 oṣù Kìn-ín-ní 2026. Bó ṣe pín èrè ọdún kan nìyí:

₦800,000 àkọ́kọ́: kò sí owó orí
₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e: 15%
₦9,000,000 tó tẹ̀ lé e: 18%
₦13,000,000 tó tẹ̀ lé e: 21%
₦25,000,000 tó tẹ̀ lé e: 23%
Ohun tó bá ju ₦50,000,000 lọ: 25%

Èrè ni wọ́n ń ṣírò, kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni owó tó pọ̀ jù ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣèré. Ẹ jẹ́ ká mú olórin jùjú kan tó ní ẹgbẹ́ onílù. Ní ọdún kan, ₦9,600,000 wọlé fún un. Ó san ₦3,600,000 fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ àti epo jẹnẹrétọ̀ gba ₦1,100,000. Yíyá sípíkà àti títún ohun èlò ṣe gba ₦500,000. Gbogbo ìnáwó iṣẹ́ jẹ́ ₦5,200,000, èrè tó kù jẹ́ ₦4,400,000. Owó ilé tó ń gbé jẹ́ ₦600,000 lọ́dún. Òfin gbà á láàyè láti yọ 20% owó ilé náà, ṣùgbọ́n iye tó máa yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ. Ti olórin yìí jẹ́ ₦120,000. Ó wá ku ₦4,280,000 tí owó orí máa lé lórí. Ẹ yọ ₦800,000 àkọ́kọ́. ₦2,200,000 ní 15% jẹ́ ₦330,000. ₦1,280,000 tó ṣẹ́kù ní 18% jẹ́ ₦230,400. Àpapọ̀ owó orí rẹ̀ fún ọdún náà jẹ́ ₦560,400.

Ká wá sọ pé olórin yìí kan náà kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò sì ní ìwé kankan fi hàn. Ohun tí òṣìṣẹ́ owó orí máa rí ni àkáǹtì báǹkì tí ₦9,600,000 gbà kọjá. Bí wọ́n bá ṣírò lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ₦1,518,000 ló máa jáde. ₦957,600 tó lé lórí rẹ̀ yẹn, àìkọ̀wé ló fà á. Nínú gbogbo ohun tí àlàyé yìí sọ, èyí ló dùn wá jù, torí ìwé ₦500 tó wà ní ọjà Dùgbẹ̀ lè gbà á là.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé náà kò pọ̀: ọjọ́, ẹni tó pe yín, ibi tí òde náà wà, iye tí ẹ jọ dá, iye àsansílẹ̀, iye tó kù, àti gbogbo ohun tí ẹ ná nítorí òde yẹn. Fún owó ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti iye, kí onítọ̀hún sì fọwọ́ sí i. Ó tún dára jù bí ẹ bá san án sínú àkáǹtì rẹ̀. Onílù tí ẹ ń san owó fún lóde kọ̀ọ̀kan, tó tún ń lù fún ẹgbẹ́ mìíràn, òun náà ni yóò ṣírò owó orí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń san owó oṣù fún un, ẹ ti di agbanisíṣẹ́: ẹ gbọ́dọ̀ máa yọ PAYE rẹ̀, ìyẹn owó orí tí agbanisíṣẹ́ ń yọ lára owó oṣù, kí ẹ sì san án fún ìpínlẹ̀ kí ọjọ́ kẹwàá oṣù tó tẹ̀ lé e tó kọjá.

Kì í ṣe gbogbo ìnáwó ló ń wọ inú ìṣirò. Èyí tí ẹ ná nítorí iṣẹ́ nìkan ni òfin gbà. Aṣọ ẹgbẹ́ tí gbogbo yín ń wọ̀ sórí ìtàgé wọ inú rẹ̀. Aṣọ tí ẹ dá fún ìsọmọlórúkọ ẹ̀gbọ́n yín kò wọ inú rẹ̀. Bí ọkọ̀ kan náà bá ń gbé ìlù, tó tún ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, ìdá ti iṣẹ́ nìkan lẹ lè yọ. Ohun èlò tó ń pẹ́, bíi míksà, sípíkà ńlá àti jẹnẹrétọ̀, wọn kì í yọ gbogbo owó rẹ̀ lọ́dún tí ẹ rà á. Ọdún mélòó kan ni wọ́n ń pín in sí. Nítorí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ títí ọdún wọ̀nyẹn fi máa pé, torí ẹni tó bá sọ tirẹ̀ nù lẹ́yìn ọdún kan ti sọ ìdá tó kù nù.

Owó tí wọ́n ná fún yín lójú agbo ńkọ́? Owó iṣẹ́ ni. Orin yín, oríkì tí ẹ kì àti ìlù yín ló mú un jáde, kò sì sí ohun tó yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó wọlé. Ẹ kà á lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ èyí tí ẹ pín fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí apá ìnáwó. Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí ni pé òfin báǹkì àpapọ̀ ọdún 2007, ní abala 21, sọ nínáwó sáfẹ́fẹ́, fífi owó náírà lẹ mọ́ ara èèyàn àti jíjó lórí rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. EFCC ti ń gbé èèyàn lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ yín sára pátákó, kí onínàáwó fi fóònù rẹ̀ san án. Ó bá òfin mu, ó sì ti kọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣirò.

Ti YouTube àti Facebook náà ń wọ inú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ dọ́là ni wọ́n fi san án. Àwọn tó ń ṣe àwàdà lórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹ kí wọ́n mọ èyí dáadáa: Google máa ń béèrè fọ́ọ̀mù owó orí Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá kọ ọ́, owó tó wá láti ọ̀dọ̀ òǹwòran tó wà ní Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń yọ 30% lára rẹ̀, torí Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà kò ní àdéhùn owó orí. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, wọ́n lè yọ tó 24% lára gbogbo owó yín, ìbáà jẹ́ Ṣáṣá tàbí Sókótó ni òǹwòran náà wà.

Owó tí wọ́n yọ kí wọ́n tó san yín lówó

Bí ilé-iṣẹ́, òtẹ́ẹ̀lì ńlá tàbí ìjọba bá pè yín ṣeré, iye tó máa bọ́ sí àkáǹtì yín lè dín díẹ̀. Ọ̀pọ̀ òṣèré ló rò pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ. Withholding tax ni wọ́n yọ. Kì í ṣe owó orí mìíràn, àsansílẹ̀ owó orí yín ni. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí pé wọ́n yọ ọ́, tí orúkọ yín àti Tax ID yín, ìyẹn nọ́ńbà owó orí yín, sì wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ ₦50,000 lọ́wọ́ olórin jùjú wa yẹn láàárín ọdún, ₦510,400 ló kù tó máa san. Láìsí ìwé náà, yóò san ₦50,000 yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò bá sì fún wọn ní Tax ID, ìlọ́po méjì ni òfin ní kí wọ́n yọ.

NIN yín ló ń ṣe iṣẹ́ Tax ID báyìí fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́. Ti VAT, owó orí tí oníbàárà ń san lórí ọjà àti iṣẹ́, kò gùn: bí ẹ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ láti máa gbà á, ẹ má kọ 7.5% sínú ìwé owó tí ẹ fún oníbàárà, torí ẹni tó bá gba VAT lọ́wọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ san án fún ìjọba.

Ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá

31 oṣù Kẹta ni. Kí ọjọ́ yẹn tó kọjá, ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fi ìṣirò èrè ọdún tó kọjá ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó orí fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìyẹn Oyo State Internal Revenue Service. Ẹni tí èrè rẹ̀ kò tó ₦800,000 kò ní san nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò sọ pé kó má fi ìwé ránṣẹ́. Ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́, ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tún kọjá. Àìforúkọsílẹ̀ fún owó orí rárá ní tirẹ̀: ₦50,000 fún oṣù àkọ́kọ́, ₦25,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wò ó bí onílù tí kò jẹ owó orí kankan ṣe lè di onígbèsè nítorí ìwé lásán.

Ìṣirò tí ẹ ń fi ránṣẹ́ yìí náà ló ń bí Tax Clearance, ìwé ẹ̀rí pé ẹ kò jẹ gbèsè owó orí, tó máa ń kó ọdún mẹ́ta pọ̀. Àwọn tó fẹ́ ṣeré níbi ayẹyẹ ìjọba sábà máa ń rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n mú un wá lọ́la. Kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ bí ọdún méjì bá ṣófo nínú rẹ̀.

Bí ẹ kò bá fi ìṣirò ránṣẹ́, wọ́n lè fojú díwọ̀n rẹ̀ fún yín. Bí iye tí wọ́n kọ bá ju agbára yín lọ, ẹ má jù ú sílẹ̀, ẹ má sì lọ bẹ ẹnikẹ́ni lábẹ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti kọ ìwé àtakò. Ẹ sọ iye tí ẹ gbà pé ó tọ́ àti ìdí rẹ̀, kí ẹ sì so ìwé òde yín, ìwé báǹkì àti rìsíìtì ìnáwó mọ́ ọn. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lù. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá láìsí àtakò, iye náà ti di gbèsè.

Ti káńsù

Òfin kan ti wà láti ọdún 1998 tó to owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà. Lára èyí tó fún ìjọba ìbílẹ̀, àwọn tó lè kan òṣèré ni owó ṣọ́ọ̀bù àti kíóósì, owó rédíò inú ọkọ̀, owó pátákó, owó ìdọ̀tí, àti owó àríyá àti dídí ọ̀nà. Owó ìforúkọsílẹ̀ ibi iṣẹ́, ìyẹn business premises, ìpínlẹ̀ ló ni ín. Àkójọ ọdún 1998 náà kò jẹ́ kó ju ₦10,000 lọ fún ìforúkọsílẹ̀ ní ìgboro, àti ₦5,000 lọ́dọọdún lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ fún yín, ẹ ní kí wọ́n fi òfin ìpínlẹ̀ tó gbé e ga hàn yín.

DJ tó ń kó ohun èlò rẹ̀ sínú yàrá, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò jẹ owó ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá láti máa fi yá èèyàn ní sípíkà jẹ ẹ́, ìbáà má ta ìkankan nínú wọn. Pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù ló máa ń di ìjà, torí ìpínlẹ̀ ní àjọ tirẹ̀, OYSAA, káńsù náà sì ń béèrè. Bí ọ̀kan bá ti gbà á lọ́dún yìí, ẹ fi rìsíìtì rẹ̀ han èkejì kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí LCDA, ìyẹn káńsù kékeré tí ìpínlẹ̀ yọ lára ìjọba ìbílẹ̀, àti ìjọba ìbílẹ̀ bá jọ wá sí ibì kan náà.

Owó dídí ọ̀nà ló kan òde jù. Bí onínàáwó bá fẹ́ ta àtíbàbà sójú títì, òun ló yẹ kó san án, kó sì gba ìwé àṣẹ, kì í ṣe olórin. Àmọ́ olórin ni wọ́n máa ń dí lọ́wọ́ nígbà tí ìwé kò bá sí, torí jẹnẹrétọ̀ àti sípíkà rẹ̀ ló wà nílẹ̀ fún wọn láti gbé. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé onínàáwó ló ni owó àti ìwé dídí ọ̀nà, kí ẹ sì gba ẹ̀dà rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé.

Káńsù tí títì náà wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń fún un ní ìwé, kì í ṣe káńsù tí olórin ń gbé. Mọ́kànlá ni ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn. Márùn-ún wà ní ìgboro: Àríwá, tí sẹkitéríàtì rẹ̀ wà ní Agodi Gate, Àríwá Ìlà-Oòrùn ní Ìwó Road, Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn ní Oníréke, Gúúsù Ìlà-Oòrùn ní Mápó, àti Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn ní Olúyọ̀lé Estate. Mẹ́fà yí ìgboro ká: Akínyẹlé ní Mọ́níyà, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú ní Ìyànà Ọ̀fà, Olúyọ̀lé ní Ìdí Ayùnrẹ́, àti Ọ̀nà Àrà ní Àkànràn. Àwọn àdúgbò tó wà létí ààlà bí Akóbọ̀ ni kí ẹ béèrè dáadáa lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó lọ sanwó.

Ohun tí kì í ṣe owó ìjọba

Owó PMAN (ẹgbẹ́ àwọn olórin), TAMPAN (ẹgbẹ́ òṣèré tíátà àti fíìmù) àti ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́, owó ẹgbẹ́ ni. Ó lè wúlò fún yín, ṣùgbọ́n rìsíìtì rẹ̀ kò lè rọ́pò ti owó orí, ẹgbẹ́ kò sì lè fi orúkọ ìjọba gbà á. Owó àṣẹ orin tún yàtọ̀: MCSN ló ń ṣojú àwọn tó ni orin lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ọdún 2022. Bí gbọ̀ngàn ayẹyẹ tàbí ilé ọtí bá ń gbé orin ẹlòmíì síta fún gbogbo èèyàn, wọ́n nílò àṣẹ yẹn. DJ kí ó bi onígbọ̀ngàn léèrè bóyá ó ti gbà á. Ẹni tó bá ń dá orin tirẹ̀ sílẹ̀ kí ó forúkọ orin náà sílẹ̀, kí wọ́n lè bá a gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá dá ọkọ̀ ẹgbẹ́ dúró

Òfin ọdún 1998 yẹn kan náà sọ pé ẹnikẹ́ni, títí kan ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó orí pàápàá, kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà láti gba owó ìjọba. Ó tún sọ pé òṣìṣẹ́ tí òfin yàn nìkan ló lè díye owó tàbí gbà á. Ìjìyà ẹni tó bá rú u jẹ́ ₦50,000, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí méjèèjì. Bí wọ́n bá dá yín dúró pẹ̀lú ìlù nínú ọkọ̀, ẹ fi sùúrù sọ̀rọ̀, ẹ má bá wọn jà. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé ìbéèrè owó tó ní orúkọ káńsù, irú owó náà, ọdún tó wà fún àti nọ́ńbà àkáǹtì ìjọba. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ àti káàdì ẹni tó mú un wá, kí ẹ má sì ka owó sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ gbé ìwé náà lọ sí ẹ̀ka owó ní sẹkitéríàtì káńsù tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Bí owó náà bá tọ́, ẹ san án ní báǹkì, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ fi ẹ̀dà kan sínú ọkọ̀, kí èyí tó jẹ́ ojúlówó sì wà nílé.